Ta Ló Ń Dá Ìlù Lóhùn?

Mo ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Gbogbo wa la ti rí irú àwòrán yìí rí: àwọn onílù wa wọ aṣọ òkè, wọ́n fi gángan há abíyá, wọ́n tò sórí sítéèjì nílùú òyìnbó, iná tàn sí wọn lójú, èrò ń pàtẹ́wọ́. Inú wa á dùn. A ó ní, "Ẹ ò rí i, àṣà wa ti dé òkè òkun." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan béèrè pé: kí ni ìlù yẹn wí lọ́jọ́ náà? Ta ló sì dá a lóhùn?

Ẹ má rò pé mo fẹ́ bú àwọn tó ń lùlù fún òyìnbó. Ẹni tí Ọlọ́run bá ṣí ọ̀nà fún, ẹ jẹ́ ká bá a yọ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n tọ ipasẹ̀ ìlù wa láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ká wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tó bá bọ́ sáàárín àwọn tí kò gbédè rẹ̀. Àwọn kan gbé ìró rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣẹ́kù sílé. Àwọn kan gbé méjèèjì lọ. Àwọn kan sì jókòó ti àlejò títí àlejò fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà nílé náà, ẹ ó sì rí i ká tó parí.

Ká tó wọ ọkọ̀ òfúrufú, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Tíṣà wa ní pírámárì ti kọ́ wa pé ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ní: dò, rè, mí. Ọkọ ni ẹni tó fẹ́ ìyàwó. Ọkọ́ la fi ń roko. Ọkọ̀ là ń wọ̀ lọ sí Ìwó Road. Ọ̀kọ̀ làwọn jagunjagun ń jù. Lẹ́tà kan náà, ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Dùndún ò ní ahọ́n, kò ní eyín, ohùn yẹn nìkan ló dì mú. Onílù á fi ọwọ́ fún osán ara ìlù, awọ á le, ohùn á gòkè. Á dẹwọ́, ohùn á wálẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Ìlù, ìwà, ọ̀nà, àgbà: dò-dò ni gbogbo wọn. Bí onílù bá kàn lu dò-dò, ta ló fẹ́ mọ èyí tó ń wí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Ìdí nìyí tí ìlù kì í fi í sọ ọ̀rọ̀ ẹyọ kan. Oríkì ló ń sọ, òwe ló ń pa, gbólóhùn gígùn tí àwọn èèyàn ti gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn kí wọ́n tó gbọ́ ọ létí ìlù. Ẹni tí kò bá ní gbólóhùn náà nínú tẹ́lẹ̀, ariwo dídùn ló máa gbọ́. Ẹ jẹ́ ká fi wé àlọ́ àpamọ̀: onílù pa ìdajì, olùgbọ́ ló máa já ìdajì tó kù. Ti bàtá tún le jù bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní akólòlò ni, torí kò ní osán tí onílù lè fún kí ohùn rẹ̀ ròkè rodò bíi ti dùndún. Àwọn ọmọ Àyàn ní ẹnà tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ wọn lédè bàtá, ẹni tí kò bá sì gbọ́ ẹnà náà, eré ọmọdé ló máa rò pé wọ́n ń ṣe.

Ijó gan-an, ìdáhùn ni. Nígbà tí ìyáàlù bá pa òwe, ẹsẹ̀ oníjó ló ń fi hàn pé ó yé e. Bí ìlù bá ní kó tẹ̀, tó wá ń fò, gbogbo agbo á mọ̀ pé kò gbọ́.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ yìí ní àwọn abúlé tó yí Ìbàdàn ká, láti Akínyẹlé dé Lágelú, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ọ̀nà-Àrà. Ìlú tí ogun kó jọ ni Ìbàdàn. Ní nǹkan bí 1829 ni àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ dúró síbẹ̀, tí àwọn tí ogun lé kúrò nílùú wọn sì ń rọ́ tẹ̀ lé wọn. Àwọn yìí náà ló pín lọ sóko lọ́nà Mọ́níyà, lọ́nà Lálúpọn, lọ́nà Àkànràn. Títí dòní, ọmọ Ìbàdàn á ní ilé nígboro, á ní abà lóko. Torí náà, ẹ lè dé abúlé tí ilé rẹ̀ kò pé ogún, kí ẹ bá ọmọ Oníkòyí, ọmọ Òpómúléró àti ọmọ Olúfẹ̀ níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú oríkì orílẹ̀ tirẹ̀. Onílù tó bá fẹ́ jẹun láàárín wọn gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń wọlé bọ̀ àti ibi tí baba ńlá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Tó bá fi oríkì agboolé kan ki agboolé kejì, owó tó yẹ kó gbà lè di ìjà.

Mo bá wọn débi òkú àgbà kan lọ́nà Àkànràn ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Àwọn olówó ti Èkó wá, àwọn tìgboro Ìbàdàn wá, wọ́n ń náwó fún àwọn onílù bí ẹni tí owó ń yún lápò. Ìyá àgbà kan wọlé tòun ti ọ̀pá. Bí baálẹ̀ àwọn onílù ṣe rí i, ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ àwọn olówó, ó bẹ̀rẹ̀ sí ki ìyá náà. Ìyá dúró. Onílù á lu ìdajì gbólóhùn, ìyá á fi ẹnu parí rẹ̀. Ó lu òmíràn, ìyá na ọ̀pá sí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ká ìró díẹ̀ sókè, ó fi ẹsẹ̀ dáhùn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò fò, kò jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àwọn méjèèjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ báyìí, tí àwa yòókù ń wò. Owó tí ìyá tú nídìí ìró kò tó nǹkan. Nígbà tí mo bi bàbá onílù léèrè ìdí tó fi fi àwọn olówó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá yẹn ni wọ́n ń dá mi lóhùn."

Gbólóhùn bàbá yẹn ni mo fi wọn gbogbo ìtàn tó kù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òyìnbó tó bá wa nílé. Ní 1826, Hugh Clapperton, ọmọ Scotland, dé Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú tó pè ní Katunga nínú ìwé rẹ̀. Aláàfin ní kó wá wòran eégún aláré. Ó kọ ohun tó rí sílẹ̀: ẹnì kan para dà di òjòlá ńlá tó ń wọ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, eégún mìíràn bọ́ síta, funfun báláú, ó rù hangogo, òtútù ń mú un, ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò bọ́ bàtà rìn rí láyé. Kí lẹ rò pé ó jẹ́? Òyìnbó ni! Clapperton fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń sín jẹ. Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wo ojú àlejò bóyá ó rí i pé ó jọ. Àlejò náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lọ́jọ́ yẹn. Àlejò kò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ ó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí, ó sì dáhùn. Àwọn aláré kò bi í pé irú eré wo ni òyìnbó máa ń fẹ́. Wọ́n wà lórí ilẹ̀ wọn, ọba wọn wà níjòkòó, àwọn ló mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Àlejò ló bá ara rẹ̀ mu pẹ̀lú eré.

Láàárín ọdún díẹ̀ sígbà náà, Ọ̀yọ́ Ilé tú. Ogun kó ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rú, wọ́n sì tà wọ́n kọjá òkun. Ìlù bá wọn lọ, ṣùgbọ́n inú orí àwọn èèyàn ló wà, torí kò sẹ́ni tó jẹ́ kí ẹrú di ẹrù. Fernando Ortiz, onímọ̀ ọmọ Kúbà, kọ ọ́ pé ní nǹkan bí 1830 ni àwọn ọmọ wa méjì, Àyànbí àti Àtàńdá, ṣe bàtá ìbọ àkọ́kọ́ nílùú Havana. Ẹ wo orúkọ méjèèjì dáadáa. Ẹ lè bá wọn nínú rẹ́jísítà kíláàsì wa lónìí. Àyàn di Añá lẹ́nu wọn, wọ́n sì ń pe ìlù tó tóbi jù nínú mẹ́ta náà ní Iyá títí di ìsinsìnyí. Fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ilé òrìṣà ni ìlù náà ti ń dún. Àárín àwọn ọdún 1930 ni Ortiz tó mú àwọn onílù jáde kí wọ́n lù ú níwájú gbogbo ayé nínú gbọ̀ngàn, níbi tí èèyàn ti jókòó wòran láìbọ nǹkan kan.

Èdè Sípéènì ni àwọn ọmọ-ọmọ Àyànbí ń sọ. Bí ìlù bá fi Yorùbá sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò lè fi ẹnu parí gbólóhùn náà bíi ti ìyá Àkànràn. Ṣùgbọ́n òrìṣà kọ̀ọ̀kan ní ìlù tirẹ̀. Bí wọ́n bá lu ti Ṣàngó, ẹni tó ni Ṣàngó lórí á mọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á mọ̀, gbogbo ilé á gbe orin. Ọ̀rọ̀ inú ìlù ti dín kù lọ́dọ̀ wọn, ìdáhùn kò kú. Mo rò pé ìdí nìyí tí bàtá fi wà láàyè ní Kúbà.

Ọ̀nà kejì ni ti Babatunde Olatunji. Ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry ni, wọ́n bí i ní 1927. Ní 1950 ló gba sìkọ́láṣíìpù lọ sí Morehouse College ní Atlanta. Ìwé ló bá lọ o, kò bá ìlù lọ, kì í sì í ṣe ọmọ Àyàn. Nígbà tó débẹ̀, ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n mọ̀ nípa Áfíríkà kò ju ohun tí wọ́n rí nínú fíìmù Tarzan lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ìlù àti orin ṣàlàyé fún wọn. Ní 1960, ilé iṣẹ́ Columbia gbé àwo rẹ̀ jáde, Drums of Passion, àwo náà sì tàn ká ayé. Yorùbá ló fi kọ ọ̀pọ̀ orin ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn tó lùlù tó sì gberin kò gbọ́ Yorùbá rárá. Ní 1964 àti 1965, ó lùlù níbi àfihàn ńlá àgbáyé ní New York. Ní 1967, ó dá ilé àṣà sílẹ̀ ní Harlem. Ibẹ̀ ni John Coltrane, àgbà ọ̀jẹ̀ afunfèrè jáàsì, ti fọn fèrè ní oṣù kẹrin ọdún náà, nígbà tó kù bí oṣù mẹ́ta kó kú. Santana tún orin rẹ̀ kan, Jingo, lù ní 1969, àwọn ọmọ rọ́ọ̀kì sì ń jó o. Olatunji kú ní California ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin 2003, ọ̀la rẹ̀ ni ì bá pé ẹni ọdún 76.

Àwọn kan láàárín wa máa ń sọ pé ti Olatunji kì í ṣe ìlù Yorùbá gidi, pé kò lo dùndún tó. Ẹ fara balẹ̀. Ẹ rò ó wò: ká ní ó gbé ìyáàlù lọ sí Harlem, oríkì ta ni ì bá fi kì wọ́n? Àwọn tí wọ́n ta baba ńlá wọn, tí wọ́n gba orúkọ wọn, tí wọ́n fún wọn ní orúkọ ẹni tó rà wọ́n, ta ló mọ orílẹ̀ wọn? Ìlù tó ń pe èèyàn lórúkọ kò rí orúkọ pè níbẹ̀. Ohun tí Olatunji lè gbé fún wọn ni ìró àti ijó, òun ló sì gbé fún wọn. Wọ́n dá a lóhùn. Wọ́n rán ọmọ wọn wá kọ́ ìlù lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn mìíràn sọ ara wọn ní orúkọ Yorùbá. Wọ́n ń wá orúkọ tí ìlù ì bá pè wọ́n.

Ọ̀nà kẹta wá láti Òṣogbo. Ní 1961, Dúró Ládiípọ̀ gbé ìlù ìbílẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì All Saints fún orin Àjíǹde. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bínú, wọ́n ní kí ni ìlù òrìṣà ń wá nílé Ọlọ́run. Ó kó ìlù rẹ̀ jáde. Ní 1962, òun àti Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ìbàdàn láti 1950, dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ní 1963, Ọba Kò So jáde. Ní 1964, eré náà dé Berlin. Ní 1965, ó dé Britain níbi àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth. Ní 1975, ó yí Amẹ́ríkà ká. Yorùbá pọ́ńbélé ni wọ́n fi ṣe é níbi gbogbo. Ìlù tí ṣọ́ọ̀ṣì lé jáde ní 1961, Berlin ló pàtẹ́wọ́ fún un láàárín ọdún mẹ́ta.

Báwo ni òyìnbó ṣe wo eré tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ tí kò sì sùn? Èrò tèmi nìyí. Nínú Ọba Kò So, ìlù kò kọjú sí òǹwòran. Ṣàngó ló ń bá sọ̀rọ̀, ìjòyè ló ń kì. Bí ìlù bá ki Ṣàngó, Dúró Ládiípọ̀ tó jẹ́ Ṣàngó á mì tìtì, á fọhùn padà, iná á yọ lẹ́nu rẹ̀. Ládiípọ̀ gbé agbo ilé lọ sórí sítéèjì, òun ti ẹni tó ń lù, òun ti ẹni tó ń dáhùn. Àwọn ará Berlin kò gbọ́ ohun tí ìlù wí, ṣùgbọ́n wọ́n rí i kedere pé ẹnì kan gbọ́. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín kí ìlù máa sọ̀rọ̀ sínú òkùnkùn àti kí èèyàn máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn méjì tó yé ara wọn. Nígbà tó padà wálé, Ìbàdàn jàǹfààní rẹ̀: ó ṣe eré Bọ́dé Wáàsinmi fún tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀, yunifásítì sì gbà á síṣẹ́ ìwádìí kó tó kú ní 1978.

Ti Hubert Ògúndé náà jọ bẹ́ẹ̀. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ torí Yorùbá Ronú. Ìjọba ológun ló tú u sílẹ̀ ní 1966. Ní 1967, òun ni Nàìjíríà rán lọ sí Montreal ní Kánádà, níbi àfihàn àgbáyé Expo 67. Ọba kan náà ló dè é tó tún fi í ṣe aṣojú, a fi pé adé ti bọ́ sórí ẹlòmíràn.

Nígbà tó di 1982, ilé iṣẹ́ Island gbé Juju Music ti Sunny Adé jáde káàkiri ayé, ní 1983 Synchro System tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n yàn mọ́ àwọn tó ń dupò Grammy. Gángan ń fọhùn nínú méjèèjì, Yorùbá ni orin. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ àwo tó ń ṣe fún ilé, kí ẹ gbọ́ Juju Music. Tilé, ẹ̀gbẹ́ kan àwo lè jẹ́ orin kan ṣoṣo tó ń ṣàn bí odò, tí yóò máa ki àwọn èèyàn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí abẹ́rẹ́ á fi dé àárín. Juju Music ní orin méje gígé-gígé. Ta ni ẹ fẹ́ kí gángan kì ní Paris? Ìlù kì í ki ẹni tí kò mọ̀.

Ọ̀nà tó kẹ́yìn ló pẹ́ jù, òun náà ni mo yàn láàyò. Ní 1981, Ulli Beier dá Iwalewa-Haus sílẹ̀ ní Bayreuth ní Jámánì. Àwọn ọmọ Àyàn láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, irú bíi Lamidi Àyánkúnlé àti Rábíù Àyándòkun, lọ lùlù nílẹ̀ òyìnbó, wọ́n tún fi jíjókòó kọ́ èèyàn kún un. Túnjí, ọmọ Beier, kọ́ dùndún lọ́dọ̀ wọn. Mùráínà Oyèlámì ti Ìrágbìjí, ayàwòrán tó ti lùlù fún Dúró Ládiípọ̀, kọ ìwé ní 1989 tó fi àmì kíkọ sílẹ̀ kọ́ni ní dùndún. Akin Euba náà tẹ ìwé ńlá jáde lórí dùndún ní 1990, ní Bayreuth kan náà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Peter Badéjọ dá Badejo Arts sílẹ̀ ní 1990, ó ń kọ́ àwọn oníjó ibẹ̀ ní ijó bàtá. Ohun tí àwọn yìí ṣe ni pé wọ́n bí olùgbọ́. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ fún ọdún méjì kò lè ki Oníkòyí o, ṣùgbọ́n á mọ̀ ìgbà tí ìyáàlù ń béèrè àti ìgbà tó ń dáhùn. Ó kúrò ní òǹwòran.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé wàyí. Ẹ ti wo àwọn onílù tó máa ń dúró sẹ́nu géètì wa lọ́jọ́ matrikuléṣọ̀n àti kọnfokéṣọ̀n? Bí bàbá wa bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n á bi wá léèrè ní kíákíá pé, "Kí ni orúkọ Dádì?" Lẹ́yìn náà, orúkọ yẹn nìkan ni wọ́n á máa lù, wọ́n á so àdúrà mọ́ ọn pé á pẹ́, á là, kò ní ríbi. Àdúrà kan náà ni wọ́n ṣe fún ẹni tó kọjá lọ, òun náà ni wọ́n á ṣe fún ẹni tó ń bọ̀. Bàbá á rẹ́rìn-ín, á fún wọn lówó, fótò á jáde. Kí ló yàtọ̀ sí Berlin níbẹ̀? Berlin tiẹ̀ sàn, Ṣàngó wà níbẹ̀ tó ń dáhùn.

Ẹ má dá onílù lẹ́bi. Igi ọmọ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù ń wọ́n sí i lóko wa, awọ ewúrẹ́ ń gbówó lórí, DJ sì wà tó lè fi ẹ̀rọ ńlá bo gbogbo agbo mọ́lẹ̀. Oríkì orílẹ̀ mẹ́wàá gba ọdún púpọ̀ láti kọ́. Bó bá wá lò ó, tí ojú wa kò yípo, tí a ń wo fóònù, kí ni yóò fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣòfò sí? Á ju ọ̀rọ̀ nù, á di eré sísáré àti fífò mú, torí òun la máa ń pàtẹ́wọ́ fún. Àwọn kan ń sọ pé òkè òkun ló ba ìlù wa jẹ́. Lójú tèmi, òkè òkun ti dé abúlé wa. Ẹni tí kò gbọ́ ni òkèèrè, ibi yòówù kó jókòó sí, bó jẹ́ Iyánà Ọ̀fà, bó jẹ́ Montreal.

Ẹ rántí àmì ìlù tí Radio Nigeria Ìbàdàn fi ń ṣí ètò. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ ipò Olúbàdàn ló ń béèrè. Àwa ọmọdé kò mọ̀, a fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ sí i, àdúgbò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí èyí. Ọmọdé tó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí ìlù ti ń gbìyànjú láti dáhùn. Ó mọ̀ pé ìlù ń wí nǹkan. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ọmọdé tó gbọ́ ìlù tí kò tiẹ̀ ro pé ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀.

Torí náà, àbá mi rèé. Tí ẹ bá lọ sílé nígbà họlidé, yálà Mọ́níyà ni o, Lálúpọn ni o, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Àkànràn, ẹ bi ìyá àgbà yín léèrè oríkì orílẹ̀ yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀, torí láìsí àmì, ìlù kò lè kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ wá onílù àdúgbò, ẹ ní kó lu gbólóhùn mẹ́ta péré nínú rẹ̀, kó sì lù ú títí yóò fi yé yín. Gbólóhùn mẹ́ta ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa náà, tí a bá ń ṣe àṣekágbá ọdún, ẹ má jẹ́ ká tún gba ẹgbẹ́ oníjó tí yóò fò sókè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí yóò sì wọ ọkọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká pe ìyáàlù kan àti gúdúgúdú kan láti Akínyẹlé, ká tú àga sí agbo kí onílù lè rí ojú wa, kó sì máa pe wá níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lè fi ẹnu tàbí ẹsẹ̀ dá a lóhùn, ẹ jẹ́ kó dìde. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kó gbọ́ bí ti ẹlòmíràn ṣe ń dún. Mo ti bá akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní ká kọ orúkọ àti orílẹ̀ wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun kó tó di ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Orúkọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀ nígbà tí mo kọ èyí, ọmọ Oníkòyí ni méjì nínú wọn.